Àyìndé Barrister àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Tuntun: Bí Wéré Ṣe Di Fújì ní Múṣin

Orin tí a ń pè ní fújì kò bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngán ijó, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìgbohùn-sílẹ̀. Ìta gbangba ni a bí i sí, ní òru, ní àkókò tí oorun ń dùn mọ́ ènìyàn jùlọ. Nínú oṣù Ràmàdánì, àwọn Mùsùlùmí ní láti jí jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé bí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá ti yọ, ẹnu di títì títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní ìgbà tí aago tí ń jí ni kò tíì wọ́pọ̀ nínú ilé tálákà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò a kó ara wọn jọ, wọn a mú agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, sákárà àti àwọn ìlù kéékèèké mìíràn, wọn a sì máa kọrin láti ojúlé dé ojúlé títí gbogbo ilé yóò fi jí. Àwọn ni a ń pè ní ajísààrì tàbí ajíwéré. Orin wọn ni a sì ń pè ní wéré. Kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń jẹ. Ẹni tí a jí lè fún wọn ní kọ́bọ̀, ó lè fún wọn ní oúnjẹ, ó sì lè fa aṣọ bo orí padà. Bí a bá ti ṣe ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ tán, olúkúlùkù a padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀: télọ̀ a padà sí ìdí ẹ̀rọ, ọmọ mẹkáníìkì a padà sí abẹ́ ọkọ̀, a sì gbé sákárà kọ́ ara ògiri di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà fún ẹni tí orin pọ̀ nínú rẹ̀. Oṣù àwẹ̀ kì í ju ọjọ́ 29 tàbí 30 lọ. Ẹni tí orin tuntun ń sọ sí lọ́kàn ní tọ̀sán tòru láti ọdún dé ọdún, ìgbà wo ni yóò rí kọ ọ́ tán? Òṣùpá ni a sì fi ń ka oṣù yìí. Ọdún òṣùpá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 354 lọ, nítorí náà ni àwẹ̀ fi máa ń tètè dé ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Láàárín 1962 sí 1966, àárín oṣù Kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni ó ń bọ́ sí, ní ìgbà ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ ọ̀nà ọ̀fun akọrin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ pẹ̀lú, òjò kò sì lé ẹnikẹ́ni wọlé. Sikiru Àyìndé Balógun, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Barrister, wà lára àwọn tí ń kọrin nínú ọyẹ́ wọ̀nyẹn. Ohun tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò ni pé kò gbà kí orin òun máa bá oṣù kú. Ó kó ẹgbẹ́ tuntun jọ, ó gbé orin náà sí ara àwo, ó sì sọ ohun oṣù kan di ohun ọdún yípo.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó wà nídìí wéré, kì í sì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀. Ìbàdàn àti Èkó ni ibùdó rẹ̀ méjèèjì. Ní Ìbàdàn, Dauda Epo-Àkàrà wà níbẹ̀, ẹni tí ó sọ wéré tirẹ̀ di awúrèbe. Gàníyù Kútì tí wọ́n ń pè ní Gàní Ìrẹ́fin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Èkó ni a ti gbọ́ orúkọ Sikiru Ọmọ Abíbà, Àjàdí Gàníyù, Àyìndé Múnírù tí wọ́n ń pè ní Máyégún, Kásálí Àlàní àti àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá ka orúkọ wọ̀nyí yóò kíyèsí i pé oríkì àbísọ pọ̀ nínú wọn: Àyìndé, Àjàdí, Àlàní, Àyìnlá. Orúkọ Mùsùlùmí ni a fi ń mọ̀ wọ́n ní ilé kéú, ṣùgbọ́n oríkì ni àwùjọ fi ń pè wọ́n bí wọ́n bá dúró láti kọrin. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé oríkì ni orúkọ tí ń mú orí ènìyàn wú, akọrin sì nílò rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ajíwéré a máa bá ara wọn díje, a sì máa fi ife-ẹ̀yẹ dá ẹni tí ó bá borí lọ́lá. Ìdíje yìí ṣe iṣẹ́ pàtàkì lára orin náà ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ní òru sààrì, ẹni tí ń sùn kò lè ṣe ìdájọ́ orin. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ariwo jí òun. Níwájú àwọn onídàájọ́ àti ọ̀pọ̀ èrò, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ gún, kí òwe bọ́ sí ipò rẹ̀, kí akọrin sì lè fèsì fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ibi ìdíje ni wéré ti kọ́ èébú, ìbẹ̀ náà ni ó ti kọ́ ọgbọ́n àtinúdá. Wọ́n gbọ́ sákárà lẹ́nu Yusuf Ọlátúnjí, wọ́n gbọ́ àpàlà lẹ́nu Hárúnà Ìṣọ̀lá, wọ́n mú nínú méjèèjì. Wọ́n tilẹ̀ mú nínú orin àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń gbọ́ ní ilé sinimá. Èyí kì í ṣe àsọdùn: ọ̀kan nínú àwọn àwo tí Àyìndé ṣe ní àwọn ọdún 1970 ń jẹ́ Love in Tokyo, orúkọ fíìmù Íńdíà kan tí ó jáde ní 1966.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Múṣin, nítorí pé láìsí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí irú orin bẹ́ẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Múṣin kò sí lábẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà. Ẹni tí ó bá ti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ìlọrin tàbí Èkìtì wá wá iṣẹ́ ṣe ní Èkó, tí kò rí ilé gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Ẹ̀búté-Mẹ́ta, Múṣin ni yóò gba yàrá sí. Láti Ìdí-Òrò dé Ọlọ́ṣà, láti ọjà Ojúwòyè dé Ìtìrẹ́, àjèjì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àjèjì kò sì ní mọ̀lẹ́bí tí yóò gbèjà rẹ̀. Ó ní láti wá ẹni ńlá kan sá bá. Sandra Barnes, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Múṣin, fi ìwé odindi kan, Patrons and Power, tí ó jáde ní 1986, ṣàlàyé bí onílé ti ń di baba ìsàlẹ̀, tí baba ìsàlẹ̀ ń di olóyè, tí àwọn tí ń gbé lábẹ́ rẹ̀ sì ń fi ọlá rẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní ṣe kàyéfì mọ́ nígbà tí ó bá gbọ́ àwo fújì tí a ti dárúkọ èèyàn méjìlá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ìlú náà ti ń gbé ni orin náà ti ń kọ. Kò sì gbọdọ̀ ṣe àìdárúkọ pé ní Múṣin yìí kan náà, ní Ìdí-Òrò, ni Fela Aníkúlápó-Kútì ní ilé àti ojúbọ orin rẹ̀ títí àwọn ológun fi jó ilé náà ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, 1977. Orin méjì tí kò jọra, tí ọ̀kan ń bú àwọn ẹni ńlá, tí èkejì ń yìn wọ́n, ń dún láàárín ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé.

Ọjọ́ 9 oṣù Kejì, 1948 ni a bí Sikiru Àyìndé. Ọmọ Ìbàdàn ni ìran rẹ̀. Alápatà ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ṣòwò. Èkó ni ó gbé dàgbà. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí, ó tún lọ sí Model School ní Múṣin, lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ títẹ̀wé lórí ẹ̀rọ ní Yábàá. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wéré. Ó ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọtí Nigerian Breweries. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, ogun sì gbé e dé agbègbè Onitsha, Awka àti Abagana. Ogun parí ní oṣù Kìíní, 1970, ó sì padà sí Èkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. A kò gbọdọ̀ fojú kéré iṣẹ́ akọ̀wé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ àwọn àwo rẹ̀ dà bí ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn fáìlì: Family Planning ní 1981, Military ní 1984, Fertiliser ní 1985. Ọwọ́ tí ó ti ń tẹ lẹ́tà ìjọba ni ó kọ wọ́n, etí tí ó sì ti jí gbọ́ wéré ni ó kọ orin inú wọn.

Nísinsìnyí ó kan ọ̀rọ̀ àwo. Àwọn tí kò rí i rí lè má mọ bí àwo ti lè yí orin padà, nítorí náà ó tọ́ kí a tú u palẹ̀. Àwo àtijọ́, èyí tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè gba ju orin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Àwo kékeré tí ń yí ní ìgbà 45 kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú. Nígbà tí ó di 1948, ọdún tí a bí Àyìndé gan-an, ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá jáde, èyí tí ń yí jẹ́jẹ́, ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ojú kan rẹ̀ sì lè gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláwọ̀ funfun fi tiwọn kó orin mẹ́fà mẹ́fà jọ sí ojú kan, wọ́n sì fi àyè díẹ̀díẹ̀ sí àárín wọn. Àwọn akọrin Yorùbá rí i pé bí a ti ń kọrin ní òde ni àwo yìí rí: a kì í dúró. Orin kan a wọ inú èkejì, ìlù a yí padà, ohùn a sọ̀kalẹ̀ tún gòkè, ogún ìṣẹ́jú a sì kọjá láìsí àlàfo.

Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ti Ọlọ́run ni a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn àwo Àyìndé, ilé-iṣẹ́ African Songs ni ó sì gbé e jáde. Orúkọ àwo náà fúnra rẹ̀ fi ibi tí ó ti wá hàn: ẹnu ajísààrì ni ó ti bọ́, ìpè sí ìjọsìn ni. Ṣùgbọ́n ohun tuntun kan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ra àwo náà lè gbọ́ wéré ní oṣù Kẹjọ, ó lè gbọ́ ọ ní ọ̀sán gangan, ó lè gbọ́ ọ nígbà tí ó ń jẹ ẹ̀bà. Oorun tí orin náà fẹ́ lé lọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ ohun kan bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe tàbí kí ó parun. Nínú àwọn àwo tí Àyìndé tún ṣe fún African Songs ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1970, tí a ń fi nọ́ńbà pè ní ìpele ìpele, ẹni tí ó bá gbọ́ wọn tẹ̀léra yóò gbọ́ bí orin náà ti ń wá iṣẹ́ tuntun yìí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtàn, ìmọ̀ràn fún ọ̀dọ́, ẹ̀bẹ̀ fún orí rere, ìkìlọ̀ nípa ọ̀tá, àti orúkọ àwọn olówó.

Ní àárín àwọn ọdún náà ni ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tí ó sì fi orin ṣe iṣẹ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ tí ó kó jọ ni ó pè ní Supreme Fuji Commanders. Orúkọ sójà ni, kò sì fi pamọ́. Àwọn onílù àti elégbè inú rẹ̀ lé ní ogún. Nínú ẹgbẹ́ wéré, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò ni gbogbo wọn, ẹni tí ó bá fẹ́ a wá, ẹni tí oorun bá ń kùn a sùn. Nínú ẹgbẹ́ tuntun yìí, a ń gba owó iṣẹ́, a ń ṣe ìdánrawò, a ń wọ aṣọ kan náà, ẹni tí ó bá sì pẹ́ dé yóò rí ojú ọ̀gá. Ìlù ni ó ń jẹ ọba níbẹ̀: dùndún àti gángan, sákárà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àwọn ìlù tí a ń fi ọ̀pá lù àti èyí tí a ń fi ọwọ́ lù. Àwọn onijùjú ń ta gìtá, àwọn oníháílàìfù ń fọn fèrè. Ẹgbẹ́ fújì ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohùn ènìyàn àti awọ ẹran ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àyìndé a fi Bísímíláì bẹ̀rẹ̀, a fa ohùn rẹ̀ gùn bí ẹni ń ké Àlùkùránì, ìlù a sì rọra máa tẹ̀lé e láìfi agbára kan hàn. Bí ó bá ti júbà tán, a sọ gbólóhùn kan fún àwọn elégbè, wọn a gbà á, wọn a máa tún un kọ. Àwọn tí kò mọ̀ a máa rò pé nítorí adùn nìkan ni elégbè fi ń tún ọ̀rọ̀ kọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ìsinmi olórin ni ègbè. Láàárín ìgbà tí wọ́n bá fi kọ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, olórin ti rí ọ̀rọ̀ tí ó kàn, ó ti wo ojú àwùjọ, ó ti mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì ti rántí oríkì ìlú onítọ̀hún. Onílù dùndún pẹ̀lú kì í kàn án lù ú lásán. Ó lè fi ìlù sọ òwe kan tí olórin kò tíì sọ, olórin a gbọ́ ọ, a rẹ́rìn-ín, a sì mú un láti ẹnu ìlù. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Yorùbá ni ó lè mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá láti ara awọ sí ara ènìyàn. Àpapọ̀ sákárà, àpàlà, jùjú, àrò àti gúdúgúdú ni Àyìndé fúnra rẹ̀ pe orin náà nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó sì fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí háílàìfù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti orúkọ náà, fújì, àríyànjiyàn kò tíì tán. Àyìndé sọ pé ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti rí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáàn lára ìwé ìpolówó, tí orúkọ náà sì wù òun. Àwọn mìíràn gbà pé ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, fáájì, wà níbi tí ó ti yà. Kò pọn dandan kí ọ̀kan lé èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ àjèjì kì í rọrùn wọ èdè kan àfi bí ó bá bá ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílé ṣe ìbátan, sílébù méjì tí fáwẹ̀lì parí kò sì lè ni ahọ́n Yorùbá lára. Ọ̀rọ̀ náà wọlé láìkanlẹ̀kùn. Kollington Àyìnlá, tí òun náà ti ṣe ológun rí, tí ó sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí ń jẹ́ Fuji '78, kò gbà rárá pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ni fújì.

Àwọn méjì ni wọ́n dìde sí orin yìí: àwọn àlùfáà kan, àti àwọn olùkọ́. Ẹ̀sùn àwọn àlùfáà rọrùn láti mọ̀. Ohun tí a dá sílẹ̀ láti jí ènìyàn sí àwẹ̀ ti di ohun tí a fi ń jó níbi tí ọtí ti ń ṣàn. Ẹ̀sùn àwọn olùkọ́ pọ̀ ju èyí lọ: pé ìpọ́nni ni fújì ń ṣe, pé ó ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá, àti pé orin àwọn ọmọ ìta ni. Ní ti ìpọ́nni, ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà ohun tí akígbe ń ṣe ní ààfin, tàbí ohun tí onírárà ń jẹ. Owó náírà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973, pẹ̀lú owó epo tí ó dé ní ọdún wọ̀nyẹn, ni ó fún ọmọ alápatà àti oníṣòwò Ojúwòyè ní àǹfààní tí ó ti jẹ́ ti ọba nìkan rí, pé kí ẹnìkan dúró níwájú rẹ̀, kí ó ka baba àti ìyá rẹ̀, kí ó sì so wọ́n mọ́ ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ń gbé yàrá kan ní Múṣin, tí kò rí ilé baba rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí ó wá gbọ́ oríkì Ọ̀fà tàbí ti Ìjẹ̀bú lórí makirofóònù, kò ka owó tí ó lẹ̀ mọ́ iwájú orí akọrin sí àdánù.

Síbẹ̀, kò sí bí a ti lè gbè é tó, àwọn ojú àwo kan wà tí orúkọ olówó ti gba àyè orin. Bí akọrin bá ń ṣe àwo mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọdún kan, kò lè ṣe kí omi má wọ inú àmù. Ọ̀rọ̀ Àyìndé dára jùlọ níbi tí ó ti ń bá orí ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ń bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, tàbí níbi tí ó ti ń sọ nípa ìwà. Àwo rẹ̀ ti 1982 tí ń jẹ́ Ìwà yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ewì alohùn. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì tí ń wọ inú rẹ̀, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní Múṣin ti ń sọ ọ́ ni ó ti kọ ọ́. Lárúbáwá tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ dáadáa, kò sì sí olùkọ́ tí ó bínú sí àlùbáríkà àti àdúrà.

Ọ̀rọ̀ owó àwo kò ṣeé fò. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń ni àwo, akọrin a gba díẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró ti rí èyí ṣáájú, wọ́n sì ti para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star sílẹ̀ ní 1969. Sunny Adé, tí òun pẹ̀lú ti wà lábẹ́ African Songs, kúrò níbẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970 lẹ́yìn èdè-àìyedè lórí àdéhùn, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, Àyìndé tẹ̀lé wọn: Siky-Oluyole ni ó pe ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, apá kan láti ara orúkọ rẹ̀, apá kejì láti ara Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé. Láti ìgbà náà ni àwo rẹ̀ ti ń jáde bí ó ti wù ú, kò sì ní ẹni tí yóò sọ fún un pé ọjà ti kún. Bí ó ti fi èyí rí òmìnira ni ó fi rí àpọ̀jù. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gba ìgboro, àwọn tí ń dà á kọ ní kọ̀rọ̀ jẹ nínú èrè gbogbo wọn láìjuwọ́ sílẹ̀.

Ìjà òun àti Kollington gba ọ̀pọ̀ ojú àwo ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tí ó bá ń ra ti ọ̀kan kì í ra ti èkejì, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn sì ń bá ara wọn jà níbi tí àwọn ọ̀gá kò sí. Ọgbọ́n ìdíje wéré ni, ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ kò sí mọ́, kò sì sí onídàájọ́ tí yóò fọn fèrè pé ó tó. Ìjà náà rọlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní ààrin rẹ̀ ni ọmọdékùnrin kan tí ó ti ń bá ẹgbẹ́ Àyìndé ru ẹrù ohun èlò dàgbà di olórin fúnra rẹ̀. Wasiu ni orúkọ rẹ̀. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó fi Àyìndé kún orúkọ, ó sì gbé àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀, Ìbà, jáde ní 1980. Talazo Fuji tí ó ṣe ní 1984 ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Àyìndé kò jókòó wò ó. Ní 1988, nígbà tí ó pé ọmọ 40 ọdún, ó gbé Fuji Garbage jáde. Ó mú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pàǹtírí, ó fi í ṣe oyè, bí ẹni ń dá àwọn ẹlẹ́gàn lóhùn. Gìtá àti dùùrù tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ látijọ́ wọlé níbẹ̀, ijó náà sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́ńdọ̀nù náà ni ó kú sí, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, 2010, a sì gbé òkú rẹ̀ wá sin sí ilé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí Múṣin tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwo tí ó fi sílẹ̀ lé ní àádọ́rin nínú ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá fi ogún ìṣẹ́jú fún ojú kan, ewì alohùn tí ó wà lórí wọn lé ní wákàtí ogójì. Díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ni a ti kọ sílẹ̀ ní ìwé, àwọn àwo náà sì ń họ, ń tẹ̀, ń fọ́. Iṣẹ́ kíkọ náà kò rọrùn tó bí ó ti dà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní láti kọ ohùn olórin sí ìlà kan, ègbè sí ìlà kejì, ọ̀rọ̀ ìlù sí ìlà kẹta. Ìlà kẹta yìí ni ó le jù, nítorí pé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ nìkan ni dùndún ń fọ̀. Gbólóhùn ìlù kan lè jẹ́ òwe mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó lù ú nìkan ni ó sì lè sọ èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tí ó lùlù sórí àwọn àwo àkọ́kọ́ ti di arúgbó báyìí, àwọn kan sì ti lọ.